Orogún Tàǹtí Lórí Ògiri

Bí òjò bá dá ní Ìdáàṣà, àpáta ni ó máa ń kọ́kọ́ gbé òórùn tirẹ̀ dìde. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà ní ẹsẹ̀ òkè, ẹ̀yìn ilé náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkúta, débi pé òórùn àpáta tútù máa ń gba ojú fèrèsé wọlé, á pàdé òórùn ẹfun ara ògiri àti òórùn epo àtùpà nínú yàrá àlejò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì jókòó pọ̀ bí ìbátan tó ti pẹ́ tí wọ́n rí ara wọn. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ níbikíbi, ojú mi á ṣàdédé lọ sókè, á máa wá ewé kan tó ń fà lórí ògiri. Ọ̀rẹ́ mi, mo rò pé mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ewé náà fún ọ rí.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira ni, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmẹ̀. Mo ti Dakar wá lo ìsinmi ìgbà òjò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin. Mo ti ka ìwé díẹ̀ ní yunifásítì, mo sì gbà pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù kí n mọ gbogbo nǹkan tán. Ìwọ náà mọ bí a ti rí nígbà yẹn. Àwa méjèèjì la jọ ń gbé gíláàsì ojú tí a kò nílò rìn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí ni olùkọ́ àgbà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Kátólíìkì. Gbogbo ìlú ń pè é ní Mẹ̀tìrì, bí a ti ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n àwa ẹbí kò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀, kò sì gbà kí á pe òun ní Bàbá. Tọ́ńtọ̀n ni kí á máa pe òun, kí á sì máa pe ìyàwó òun ní Tàǹtí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Faransé ń pe ẹbí wọn. Kóòtù ló máa ń wọ̀ lọ sí oko iṣu rẹ̀ ní ọ̀nà Lèma. Bí ó bá dé oko, á bọ́ ọ kọ́ sára igi, á ro ebè títí òógùn á fi bò ó, á tún gbé kóòtù wọ̀ padà wálé, kí ará ìlú má baà rò pé àgbẹ̀ ni. Àgbẹ̀ sì ni gbogbo ará ìlú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ọwọ́ ìyàwó Faransé kan ni ó ti gba ewé náà. Ọkọ obìnrin yìí ni ọ̀gá tó máa ń wá bẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ wò, nígbà tí wọ́n sì ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sílùú wọn, obìnrin náà kò rí bí yóò ti gbé ewé rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó fà á lé Tọ́ńtọ̀n lọ́wọ́. Ó ní kò wọ́pọ̀, pé erékùṣù kan tó jìnnà ní ìlà oòrùn ayé ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá. Ó kọ́ ọ pé inú ilé ni kó máa gbé, kí oòrùn má rí i tààrà, kí omi má pọ̀ jù fún un, àti pé bí ó bá ti rúdi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e kúrò lójú kan, nítorí pé bí a bá gbé e báyìí, gbogbo ìrudi rẹ̀ á rẹ̀ dànù. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àwọn tó gúnlẹ̀, ewé náà á ti kú nílé adúláwọ̀. Tọ́ńtọ̀n gbé ìkòkò ewé náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ín wálé. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti di pé bóyá ewé ni yóò kọ́kọ́ kú, tàbí òun.

Ká sọ òtítọ́, ewé náà lẹ́wà. Ó ń rọ̀ láti inú ìkòkò tí Tọ́ńtọ̀n fi ṣéènì kọ́ sí àjà, ó sì ń fà lọ lára okùn lórí ògiri bí ejò tí kò kánjú. Ewé rẹ̀ nípọn bí ahọ́n màlúù, ó ń dán, ó sì ní àmì fàdákà wínníwínní lára, bí ẹni pé ẹnìkan ta omi sí i tí omi náà kò gbẹ. Tọ́ńtọ̀n máa ń pè é lórúkọ Faransé gígùn kan tó túmọ̀ sí òdòdó tánganran. Tàǹtí ní òun ti gbọ́, àmọ́ irú tánganran wo ni èyí tí a kò lè bu ọbẹ̀ sí?

Nítorí ewé yìí ni Tọ́ńtọ̀n fi ẹfun kun gbogbo ògiri yàrá àlejò, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ta padà sí i lára. Nítorí oòrùn, ó fi aṣọ funfun ta fèrèsé. Nítorí ọyẹ́ tó ń gbẹ ẹ́ lẹ́nu, ó gbé abọ́ funfun ńlá kan tó kún fún omi sí abẹ́ rẹ̀, ọyẹ́ lọ, abọ́ kò lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ìka kan omi náà. Àràárọ̀, bí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kó tó bá ẹ̀dá kankan sọ̀rọ̀, á mú aṣọ funfun kékeré kan, á máa nu eruku ara ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni á wá fi Faransé kí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “Bọ́ńjúù, má bẹ́ẹ̀lì,” èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ kú àárọ̀, arẹwà mi. Ẹ̀kọ gbígbóná á wà lọ́wọ́ Tàǹtí ní ẹnu ọ̀nà, á máa wò ó. Àwọn ọmọ wọn ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Pọ́tọ̀nóvò, ilé ti dákẹ́, bí kò sì sí ti Faransé àràárọ̀ yẹn, à bá lè gbọ́ ìró ẹ̀kọ bí ó ti ń tutù.

“Kí ló dé tí ẹ ò fi èdè wa bá a sọ̀rọ̀?” Tàǹtí bi í lọ́jọ́ kan.

“Kò gbọ́ ọ.”

“Bí ebi bá wá ń pa á lọ́jọ́ tí ẹ ò sí nílé ńkọ́? Ta ni yóò sọ fún?”

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé gan-an ni ìrudi yọ lára ewé náà, ó ṣù pọ̀ lẹ́nu ọ̀pá tín-ín-rín kan, kékeré bí orí ìṣáná. Tọ́ńtọ̀n pè mí, ó ń nàka sí i. Ìrudi ti yọ rí lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí Àjíǹde ku díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ìkòkò náà sọ̀ nítorí pé ó fẹ́ kun ògiri, ni gbogbo rẹ̀ bá rẹ̀ sílẹ̀. Tàǹtí sọ fún mi pé táì dúdú ni ó wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kejì. Èyí tó tún yọ yìí ni yóò fi dá ọkùnrin Faransé tó rẹ́rìn-ín yẹn lóhùn, bí ọkùnrin náà kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ láti gbọ́ ìdáhùn.

Àsìkò náà ni ìyá arúgbó kan láti apá Tré wá bẹ Tọ́ńtọ̀n pé kó gba ọmọ-ọmọ òun sí ilé ẹ̀kọ́. Ó dé ní àárọ̀, ó bá Tọ́ńtọ̀n lẹ́nu ewé nínù. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó wo ògiri, ó wo fèrèsé, ó wo abọ́ omi, ó wo ọkùnrin tó ń nu nǹkan tí kò lè fọhùn. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì fi iwájú orí kan ilẹ̀.

“Ẹ dìde, ìyá, ẹ dìde,” Tọ́ńtọ̀n wí, ayọ̀ sì kún ojú rẹ̀ fọ́fọ́.

Nígbà tí ìyá náà lọ tán, ó ní, “Ṣé o rí i? Ọ̀wọ̀ ìwé nìyẹn.”

“Obìnrin tó dàgbà tó ìyá yín,” Tàǹtí dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, “ẹ̀yin ló kúnlẹ̀ fún?”

Kò pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá, obìnrin ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń ti oko bọ̀. Wọn kò wá fi ọmọ sí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ. Òmíràn á fi obì sílẹ̀, òmíràn ẹyin adìẹ. Tọ́ńtọ̀n jẹ obì, ó ní kí a dín ẹyin. Ọrùn rẹ̀ gùn sí i lójoojúmọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bóyá ó yẹ kí òun du ipò aṣòfin. Èmi náà, ọmọ yunifásítì, mo ti ń to àlàyé rẹ̀ lórí, nípa àwọn àgbẹ̀ wa àti ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ìmọ̀, àfi ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọlé, tó kúnlẹ̀, tí Tọ́ńtọ̀n sì lọ dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn.

“Dìde, ọmọ mi. Kí lo fẹ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Mẹ̀tìrì,” ọmọbìnrin náà wí pẹ̀lú ìtìjú, “ẹ yẹ̀ fún mi díẹ̀. Ẹ bò ó mọ́ mi lójú.”

Mo rò pé mi ò lè gbàgbé bí Tọ́ńtọ̀n ti yẹ̀. Ó kàn fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ bí akàn, ó lọ fara ti ògiri, ọmọbìnrin náà sì rọra sọ fún ewé pé ikọ́ kò jẹ́ kí ọmọ òun sùn, pé àwọn tó yọ́ bu omi abẹ́ rẹ̀ ní ó dára fún ikọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé kò ti yé wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, bí ó bá ti di pé aṣọ funfun wà, ẹfun wà lára ògiri, omi wà nínú abọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í mu, ẹnìkan wà tó ń wẹ nǹkan náà ní ìdájí kó tó bá ènìyàn sọ̀rọ̀, tó sì ń fi èdè tí ará ilé kò gbọ́ kí i, a kì í béèrè ohun tí nǹkan náà jẹ́. A máa ń kúnlẹ̀ ni. Ọkùnrin tó ń fi gègé kọ́ àwọn ọmọ ní kátẹ́kísìmù, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ìjọ, ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ojúbọ sínú yàrá àlejò, kò tilẹ̀ gbàgbé nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àlùfáà, tí àwa ń pè ní Mọ́ńpẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ọmọ ilẹ̀ wa, ó sì máa ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè tí àwọn ewúrẹ́ kì í fẹ́ gùn. Ó jókòó, ó wo ewé náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì gba omi mu, láti inú àmù ni o, kì í ṣe láti inú abọ́.

“Mẹ̀tìrì,” ó wí, “ẹ mọ̀ pé àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ènìyàn á ti ọ̀nà jíjìn wá gbàdúrà ní ihò àpáta Màríà wa. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bi mí pé ibo ni kí àwọn kọ́kọ́ yà sí, ṣé ihò àpáta ni, àbí ilé yín.”

“Ewé lásán ni, Mọ́ńpẹ̀.”

“Mo mọ̀. Ẹ sọ fún àwọn tó ń kúnlẹ̀. Bí wọ́n bá dìde kí àjọ̀dún tó dé, kó máa gbé ibẹ̀. Bí wọn kò bá dìde, ẹ gbé e síta, àbí kí n wá ẹlòmíràn tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní kátẹ́kísìmù.”

Tọ́ńtọ̀n, tó ti ń darí orin Látìnì ní ṣọ́ọ̀ṣì náà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, jókòó sí abẹ́ ewé rẹ̀ ní ọ̀sán yẹn, ó ń wò ó. Bí ó bá gbé e, ìrudi á rẹ̀, ọkùnrin Faransé á borí. Bí kò bá gbé e, kátẹ́kísìmù lọ. Èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn pé kó ṣe àlàyé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún àwọn obìnrin náà. A gbé pátákó ìkọ̀wé wá sí yàrá àlejò. Mo ya gbòǹgbò, mo ya ewé, Tọ́ńtọ̀n sì fi ohùn tó fi ń ka Látìnì pe orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún igi náà. Àwọn obìnrin náà tẹ́tí gan-an. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ti sọ oríkì rẹ̀ fún wọn.

“Ẹ ti ṣe tiyín tán?” Tàǹtí bi wá. “Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí èmi náà bá orogún mi sọ̀rọ̀.”

Ó bẹ àwọn obìnrin lọ́wẹ̀ ẹ̀gúsí bíbó. Kò yan ẹni tó pè: àwọn ìyá ìjọ wà níbẹ̀, àwọn tó ń kúnlẹ̀ wà níbẹ̀, ìyá arúgbó ará Tré náà sì wà níbẹ̀. Dípò kó tẹ́ ẹní sí àgbàlá, yàrá àlejò ló tẹ́ ẹ sí, ó sì da òkìtì ẹ̀gúsí sí abẹ́ ewé gan-an. Àwọn obìnrin náà fà sẹ́yìn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó ní etí ẹní, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àti Tọ́ńtọ̀n wà nínú yàrá kejì, a fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀.

Tàǹtí dìde, ó di ìró rẹ̀ le, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó kọjú sí ògiri, ó sì gbé orin sókè, irú èyí tí ìyálé máa ń kọ sí ìyàwó tuntun tí ojú rẹ̀ kò bá wálẹ̀:

“Orogún mi kì í jẹun, omi ló ń mu,
Orogún mi kì í ṣiṣẹ́, ó ń rọ̀ sórí ògiri,
Ọkọ mi ń faṣọ funfun nù ún lójú,
Èmi tí mo dáná, èéfín ló ń nù mí lójú.”

Ọwọ́ gbogbo wọn dúró lórí ẹ̀gúsí.

“Rọra o, ìyàwó Mẹ̀tìrì!” ìyá arúgbó náà kígbe. “A kì í bá irú wọn ṣeré!”

“Irú ta ni, ìyá? Wọ́n gbé e wọ ilé bá mi, ó ń gbé yàrá tó dára ju tèmi lọ, ọkọ mi ń kí i kó tó kí mi. Kí ni à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Tré?”

Ìyá náà ronú. “Ìyàwó kékeré ni.”

“Orin tí mo kọ sí i nìyẹn. Bí ó bá lẹ́nu, kó dá a padà.”

Ó sì dúró, ó ń retí. Ìwọ náà mọ òfin náà: orogún tí a kọ orin sí gbọ́dọ̀ fi orin dáhùn, bí kò bá dáhùn, ó ti jẹ̀bi. Gbogbo yàrá náà gbé ojú sókè sí ewé. Ewé kò sọ nǹkan kan. Aláǹgbá kan sáré kọjá lórí ògiri. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí a bá ń fa ilẹ̀kùn tó ti ń dógùn-ún. Ìyá arúgbó ará Tré náà ló ń rẹ́rìn-ín, eyín kò sí lẹ́nu rẹ̀.

“Kò gbọ́ èdè wa!” ó wí. “Ọmọ òkèèrè! Kò mọ orin!” Òun náà dìde, ó ń mì ejìká, ó ní, “Ọrùn gígùn bí okùn kànga, kò lè pọnmi fún ìyálé!”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fò lé ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan: ó ń dán bí ẹni tó jí òróró jẹ, kò bímọ, kò pọnmọ, ó ń sùn títí oòrùn á fi kàn án. Ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ nítorí ikọ́ ọmọ ló pariwo jù. Ẹ̀gúsí ń fò sókè. Ta ni yóò tún kúnlẹ̀ fún un lẹ́yìn èyí? Obìnrin wo ló ń kúnlẹ̀ fún ìyàwó kékeré ilé ẹlòmíràn?

Mo yíjú sí Tọ́ńtọ̀n kí á jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ń pe ọ̀rọ̀ kan lábẹ́lẹ̀. “Èéfín,” ó wí. “Ó ní èéfín.” Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọ àárín àwọn obìnrin náà. Ó lọ mú aṣọ funfun kékeré tó wà lára ìṣó, ó rìn lọ bá Tàǹtí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu òógùn àti eruku ẹ̀gúsí lójú rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ó ti máa ń nu ewé.

Tàǹtí jẹ́ kó nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. “Ẹ kọ́kọ́ lọ fọ̀ ọ́ ná! Aṣọ orogún mi lẹ fẹ́ fi nù mí lójú?”

Ariwo tó sọ níbẹ̀, mo gbà pé wọ́n gbọ́ ọ ní Lèma. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú Tàǹtí ti rọ̀, kò sì fọwọ́ ara rẹ̀ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń kọ orin náà káàkiri ìlú kí Mọ́ńpẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ó gun kẹ̀kẹ́ wá, ó ní òun fẹ́ rí ìyàwó kékeré náà. Ó bá abọ́ omi níbẹ̀, Tàǹtí sì ti rẹ ẹ̀wà sínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní ìjọ kò gbà kí ọkùnrin kan fẹ́ obìnrin méjì, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ìyálé ti gbà á, tí kò sì sí ẹni tó ń kúnlẹ̀ mọ́, òun kò rí i.

Ìrudi náà tanná ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn èrò àjọ̀dún ti ń wọ ìlú. Òórùn rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́, ó dùn bí oyin tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Àwọn òdòdó kéékèèké, funfun, tí àárín wọn pupa, ṣù pọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan fi àbẹ́là mọ wọ́n, omi dídùn sì ń kán láti ara wọn sórí Tọ́ńtọ̀n tó gbójú sókè, kò sì yẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ọkùnrin Faransé. Mo rò pé ó ti gbàgbé rẹ̀. Àwọn obìnrin wá gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n wọ bàtà wọlé, wọ́n dúró pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí, wọ́n ń wá àbùkù tí wọ́n lè sọ. Ìyá arúgbó ará Tré náà fa òórùn náà símú, ó pa ojú dé, ó sì yí sí Tàǹtí.

“Ìyàwó Mẹ̀tìrì,” ó wí, “orogún rẹ ti dá orin rẹ padà o.”

“Mo gbọ́ ọ, ìyá,” Tàǹtí wí. “Ohùn rẹ̀ dùn.”

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Tọ́ńtọ̀n ti ń kọ́kọ́ lọ sí ìdí àdògán. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á kí Tàǹtí ní èdè wa, á gba ẹ̀kọ rẹ̀ ní gbígbóná, kó tó lọ kí ẹlòmíràn ní Faransé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ọjọ́ tó fi kú, ẹnikẹ́ni kò sì tún béèrè ìdí.

Ìwọ mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ń jẹun láti ìgbà yẹn. Mo ti bú àwọn mínísítà, mo ti bú àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, mo sì ti rò fún ọ̀pọ̀ ọdún pé bí nǹkan bá ti wó lulẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó rúwé lẹ́yìn mi. Tàǹtí bú ewé kan ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, ìrudi kan kò rẹ̀ lára rẹ̀, ọkọ rẹ̀ padà sílé láti inú yàrá àlejò, àwọn tó kúnlẹ̀ dìde láìsí pé ẹnìkan dójú tì wọ́n. Mo ti gbìyànjú láti kọ irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò rọrùn, nítorí pé ó ń fẹ́ kí ènìyàn nífẹ̀ẹ́ ohun tó ń bú, kí ó sì ṣe tán láti dúró retí èsì.

Ẹ̀ka kan lára ewé náà ń fà lórí ògiri mi ní Kútọnu bí mo ti ń kọ èyí. Ó ti rúdi. Mo sì ti kọ́kọ́ kí ìyàwó mi ní òwúrọ̀ yìí, gẹ́gẹ́ bí òfin ilé wa, ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ mi, ó rí i pé omi ṣì wà lára rẹ̀, ó ní, “Ta lo ti ń bu omi fún kí n tó jí?”